Bọ́ọ̀lù Kì í Kágò

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ fo ògiri onílé nítorí bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń gbé lásìkò náà, ní ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá níbi tí pápá gọ́ọ̀fù kan wà lẹ́yìn ilé ìwé wa. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń ṣe kádì: mo ń gbé àpò igi gọ́ọ̀fù fún àwọn ọ̀gá, mo ń fojú ṣọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù wọn balẹ̀ sí, mo sì ń gba owó tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tó máa ń dùn mọ́ mi débi tí n kì í fẹ́ ná an tán.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀gá tí mo gbé àpò fún gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ihò kẹfà. Ó kọ́kọ́ lọ tààrà, ó wá yà sápá ọ̀tún bí ẹyẹ tí wọ́n lé, ó fo ògiri kọjá, a sì gbọ́ "gbà!" lórí páànù. Ọ̀gá wò mí, kò sọ̀rọ̀. Kádì tó mọṣẹ́ kì í dúró de ọ̀rọ̀. Mo sáré, mo pọ́n ògiri, mo bẹ́ sílẹ̀ láàárín ata àti ewédú onílé, mo bẹ̀rẹ̀, mò ń wá nǹkan funfun.

"Ta nìyẹn? Ṣé ilé yìí ò ní onílé ni?"

Obìnrin àgbà kan ló jáde. Ìyá Oǹdó ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí Òde-Oǹdó ni ọkọ rẹ̀ ti gbé e wá sí ìlú náà. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ewédú. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Bọ́ọ̀lù ọ̀gá mi ni mo wá mú."

Ó ní, "Bọ́ọ̀lù ọ̀gá rẹ wọlé mi, mi ò bá a jà, bọ́ọ̀lù ò lẹ́nu. Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà ò lẹ́nu ni? Gba ibi tí o gbà wọlé padà, kí o wá gba ẹnu ọ̀nà."

Mo tún pọ́n ògiri padà. Mo rìn yípo, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo ké e: "Àgò onílé o!" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ pé mò ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Àgò yà. Wọlé, ọmọ mi."

Abọ́ tánganran kan ló gbé jáde, bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kún un. Mo mú ti ọ̀gá mi, mo dúpẹ́. Ó tún fi ìtẹ́ adìẹ kan hàn mí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Adìẹ rẹ̀ sàba sórí ẹyin, bọ́ọ̀lù méjì sì wà láàárín ẹyin náà. Ó ní, "Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé adìẹ mi ń bá wọn sàba. Bó bá pa á, màá ránṣẹ́ sí wọn."

Ọgbọ̀n ọdún ti lé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti ṣe kádì, mo ti ṣe olórí kádì, mo sì ti kọ́ ọmọdé àti àgbà ní gọ́ọ̀fù ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, n kò tíì rí ìjà láàárín onílé àti agbá-gọ́ọ̀fù tí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn kò lè tú u ká. Bọ́ọ̀lù tó wọlé kọ́ ló ń dájà sílẹ̀. Ènìyàn tó tẹ̀lé e wọlé láìkágò ni.

Ẹni tí kò bá fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù yìí rí lè rò pé nǹkan ìṣeré lásán ni. Òfin ní kò gbọdọ̀ wúwo ju 45.93 gíráàmù lọ, àti pé ìbú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 42.67 mìlímítà. Ẹyin adìẹ tó dára wúwo jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bó bá kúrò lójú igi ẹni tí apá rẹ̀ le, ó lè sáré ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, eré tí awakọ̀ kankan kò jẹ́ dán wò lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀, tí wọ́n máa ń wà láàárín 300 sí 500, kì í ṣe ọ̀ṣọ́: àwọn ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e lọ jìnnà. Àwọn náà ló sì ń jẹ́ kó yà bí ojú igi bá fi ẹ̀gbẹ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà ló ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a, bọ́ọ̀lù wọn a sì máa yà sápá ọ̀tún. Ìdí nìyí tí ilé tó wà lápá ọ̀tún pápá fi ń jìyà ju ti òsì lọ. Bí mo bá dé pápá tí n kò dé rí, páànù àwọn ilé apá ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń mọ bóyá wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn dáadáa tàbí wọn kò kọ́ wọn.

Nítorí bọ́ọ̀lù yìí kò lẹ́nu, eré gọ́ọ̀fù ti yá a ní ẹnu láti ayébáyé. Bí ẹni tó gbá a bá rí i pé ó ń yà lọ sọ́dọ̀ ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ pariwo "Fore!" ní ohùn tó ròkè jù lọ nínú ọ̀fun rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdé, mo wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Mi ò rí èyí tó bá a mu ju "Ẹ yàgò!" lọ. Ohun tí alárù ń ké nìyẹn ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ bó bá ru àpò gàrí tí kò sì rí iwájú rẹ̀ dáadáa. Alárù kò tọrọ àforíjì pé òun ru ẹrù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tó ń wí ni pé ẹrù òun lè ṣe yín léṣe, òun kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yẹra díẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ojú bá ń tì láti ké "Fore", torí kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó gbá a dànù, ó ń fi orí ẹlòmíràn bo àṣìṣe ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, àgò méjì ló wà nínú gọ́ọ̀fù. Àkọ́kọ́ ni ti ojú òfuurufú, tí a ń ké kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀. Ìkejì ni ti ẹnu ọ̀nà, tí a ń ké kí ẹsẹ̀ wa tó tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Ìwé òfin gọ́ọ̀fù ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí àkọ́kọ́. Ìkejì ni a fi sílẹ̀ fún ilé tí wọ́n ti tọ́ ènìyàn.

Kí n má purọ́, ìwé òfin náà kò dákẹ́ pátápátá lórí ìkejì. Òpó funfun tí ẹ ń rí létí pápá, ààlà ni. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá rẹ̀ pátá, ó ti kú nínú ìdíje. Ẹni tó gbá a yóò fi ẹyọ kan kún iye rẹ̀ fún ìyà, yóò sì padà lọ gbá òmíràn níbi tó ti gbá ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí èrè kankan fún un nínú eré náà bó bá fo ògiri lọ mú bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Kò lè gbá a láti inú ewédú Ìyá Oǹdó. Láti oṣù kìíní ọdún 2019, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni òfin fún ẹnikẹ́ni láti fi wá bọ́ọ̀lù tó sọnù. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fo ògiri, owó bọ́ọ̀lù ló ń fò ó fún. Bó ṣe wọ́n tó, kò tó ohun tí a ń fi iyì ara ẹni rà.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló kọ́kọ́ débẹ̀, pápá ni tàbí ilé? Nílẹ̀ wa, ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn pápá àtijọ́, bí irú ti Ìbàdàn àti Ìkòyí, àwọn òyìnbó amúnisìn àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ eré náà sí ìlú wọ̀nyẹn, ní apá ibi tí ilé kò tíì pọ̀. Ìlú ló wá bá wọn. Lórí pápá tí mo ti ṣe kádì, a kò ní koríko lẹ́bàá ihò nígbà yẹn, bíráùn la ní: yanrìn tí wọ́n po mọ́ òróró ẹ́ńjìnnì kí òjò má baà gbá a lọ. Igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ló yí wa ká lápá kan. Ní ìgbà tí mo fi di olórí kádì, ògiri ló ti yí wa ká.

Àwọn pápá tuntun yàtọ̀. Ní Lákọwẹ̀, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n ta ilé àti pápá pọ̀ fún ènìyàn ni. Ẹni tó ra ilé mọ̀ pé gọ́ọ̀fù ló wà ní ẹ̀yìnkùlé òun. Nílé wa níbí, ní Ìlárá-Mọ̀kín tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, Olóyè Michael Adé-Òjó, ọmọ ìlú náà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ Elizade, ló tẹ́ pápá oníhò 18 tí wọ́n ń pè ní Smokin Hills sí àárín àwọn òkè. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, bí àyè ṣe gbòòrò tó láàárín pápá àti ilé ló kọ́kọ́ wù mí. Mo wò ó, mo ní nínú ọkàn mi pé àkókò tó dára jù láti ronú lórí ààlà ni ìgbà tí kò tíì sí ẹni tó ń jà sí i. Àkúrẹ́ ń gbòòrò. Ẹni tó mọ Ọba-Ilé ní ogún ọdún sẹ́yìn, tó sì tún rí i lónìí, mọ̀ pé ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́bàá ìlú kì í pẹ́ ṣófo.

Mo ti gbọ́ kí ẹni tó kọ́kọ́ dé wí pé: "Àwa la ti wà níbí, ẹ̀yin lẹ wá bá bọ́ọ̀lù." Nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àwa Yorùbá mọ ipò onílẹ̀ sí ti àlejò. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ tó gbé ilẹ̀ fún àlejò kò tún ní máa da omi ẹ̀gbin sí i lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ilé ẹjọ́ náà ti ro ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sì wà lára ohun tí àwọn agbẹjọ́rò wa ń kà nílé ẹ̀kọ́. Lọ́dún 1922, wọ́n dá ẹjọ́ awakọ̀ takisí kan tó ń lọ lójú ọ̀nà lẹ́bàá pápá gọ́ọ̀fù ní Sandwich, ní Kent. Bọ́ọ̀lù láti ihò kẹtàlá yà, ó fọ́ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ kan sì fọ́. Awakọ̀ náà jàre. Kì í ṣe torí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Torí pé bọ́ọ̀lù ihò yẹn máa ń yà sójú ọ̀nà lemọ́lemọ́ ni. Lọ́dún 1951, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ náà dá ẹjọ́ obìnrin kan tí bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì bá lójú títì ní Manchester. Obìnrin náà kò jàre. Nǹkan bí ìgbà mẹ́fà péré ni bọ́ọ̀lù ti jáde kúrò ní pápá yẹn láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún.

Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ìdílé kan kó bọ́ọ̀lù tó lé ní 650 jọ ní àgbàlá wọn láàárín ọdún díẹ̀. Lọ́dún 2021, àwọn ìgbìmọ̀ ará ìlú tó jókòó sí ẹjọ́ náà ní kí pápá san mílíọ̀nù 3.5 dọ́là fún wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà wọ́gi lé e: wọ́n ní adájọ́ kò ṣàlàyé dáadáa fún ìgbìmọ̀ ohun tó wà nínú ìwé ilẹ̀, tó gba pápá láyè dé ìwọ̀n kan.

Bí mo ti ka àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí, abọ́ tánganran ni mo rántí. Kíka ni gbogbo wọn ń ka bọ́ọ̀lù. Mo ti rò pé Ìyá Oǹdó ń kó bọ́ọ̀lù jọ torí pé ó jẹ́ arúgbó tó ń tọ́jú gbogbo nǹkan. Ẹlẹ́rìí ló ń kó jọ. Abọ́ náà ló lè sọ bóyá àgbákò lọ̀rọ̀ yìí tàbí àṣà.

Ẹ̀bi pọ̀ ní ìhà méjèèjì, mo sì ti rí ti ìhà méjèèjì. Lórí pápá kan tí n kò ní dárúkọ, ọ̀gá ńlá kan gbá bọ́ọ̀lù wọ inú ilé ẹnìkan, ó sì fọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ tó wà níbẹ̀. A gbọ́ ìró rẹ̀. Ọ̀gá náà yọ bọ́ọ̀lù mìíràn nínú àpò, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, wọ́n ní ìnṣọ́ránsì." Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ kí wọn." Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí n wá iṣẹ́ mìíràn. Èmi nìkan ló lọ. Ọkùnrin tó ni ọkọ̀ náà ti gbé igi jáde. Òun náà fẹ́ jà. Nígbà tó rí i pé mo dọ̀bálẹ̀, tí mo dárúkọ ara mi, tí mo sì ní a ó tún un ṣe, igi náà wálẹ̀. Ó ní gíláàsì ọkọ̀ kò dun òun tó ìró bọ́ọ̀lù kejì tí òun gbọ́ pé wọ́n tún gbá, láìsí ẹni tó wá wò ó bóyá ọmọ òun wà nínú ọkọ̀. Bí ọ̀gá yẹn ti mọ̀ ọ́n gbá tó, kò sí ọjọ́ tí ó tún gba ihò yẹn kọjá tí ẹnìkan kò jáde sí ojú fèrèsé láti wò ó.

Àwọn onílé náà ní ẹ̀bi tiwọn. Mo mọ bàbá kan tó máa ń fi ọ̀bẹ gé bọ́ọ̀lù sí méjì kí ó tó jù ú padà sí pápá. Adìẹ dà á lóògùn nù, ó ń fọ́ ọ lẹ́yin. Òmíràn tú ajá sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ajá náà sì bu ọmọ kádì kan jẹ ní ẹsẹ̀. Ọmọ náà kọ́ ló gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìjà yìí nìyẹn: ẹni tó gbá a wà lábẹ́ agbòjò, kádì ló wà lórí ògiri. Bí ajá bá bù ú jẹ, bí wọ́n bá pè é lólè, orúkọ ọmọ yẹn ló bàjẹ́, kì í ṣe ti ọ̀gá.

Nígbà tí mo di olórí kádì, òfin tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé kádì kankan kò gbọdọ̀ fo ògiri mọ́, ẹni tó bá rán an pàápàá kò ní ní kádì mọ́ lọ́jọ́ náà. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé onílé, a ó fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èmi àti kádì kan yóò rìn yípo ẹnu ọ̀nà àwọn ilé náà, a ó kágò, a ó kí wọn, a ó béèrè bóyá nǹkan bàjẹ́. A fún ilé kọ̀ọ̀kan ní àpò kékeré tí wọ́n lè so mọ́ géètì. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá rí, kí wọ́n jù ú sínú rẹ̀. Àwọn kan fi bọ́ọ̀lù sí i, àwọn kan fi ìwé ẹ̀sùn sí i, ìyá kan tilẹ̀ fi ọsàn kún tiwa. Ohun tó wúlò jù nínú àpò náà ni kíkà rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, mo rí i pé ihò méjì péré ló ń bí ìjà gbogbo. A sún ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ihò kan sápá òsì díẹ̀, a gbin igi tó máa ń dàgbà kíá sí ẹ̀gbẹ́ èkejì. Àwọn onílé tí wọ́n ń bú wa tẹ́lẹ̀ ló ń fún àwọn igi náà lómi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Gbogbo ìyẹn ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò yí ọkàn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù padà. Ohun tó yí i padà kéré, ó sì ti wà nínú ìwé òfin tipẹ́. Òfin ní ó yẹ kí olúkúlùkù fi àmì sára bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó lè dá a mọ̀. Ọ̀pọ̀ ń fi tó-tó pupa tàbí ilà kan sí i. Mo ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa máa kọ orúkọ wọn ní kíkún. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn kan bínú. Ọ̀kan ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wá fi mú mi ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá. Mo ti ń ro òwe yẹn láti ọjọ́ tí mo ti dọ̀bálẹ̀ sínú ewédú, n kò sì gbà pé ìbẹ̀rù ará ilé nìkan ló yẹ kó dá ọwọ́ wa dúró. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ, bọ́ọ̀lù inú àpò àwọn onílé dín kù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ṣàdédé di ọ̀jáfáfá. Igi tó kéré, tó sì dájú, ni wọ́n ń mú báyìí bí wọ́n bá dé ihò tó sún mọ́ ilé. Ẹni tó bá ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sára òkò a máa kọ́kọ́ wo ibi tó fẹ́ sọ ọ́ sí.